Ìwọ̀, Àwọ̀n àti Sùúrù ní Odò Kàdúná



Bí òjò bá dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ ń bọ̀, Odò Kàdúná a fà, omi a mọ́. Ìgbà náà ni ìwọ̀ máa ń mú àrọ̀ àti ẹpìyà dáadáa.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wa: Gamalín kì í ṣe ohun ìpẹja. Oògùn apakòkòrò ni. Ó ń pa ìyá ẹja tọmọtọmọ, ó sì lè ṣe ẹni tó jẹ ẹ́ léṣe.

Ní Argungu, ìpínlẹ̀ Kebbi, tí àjọ̀dún ẹja pípa ti bẹ̀rẹ̀ ní 1934, ẹnikẹ́ni kì í pẹja ní Matan Fada títí ọjọ́ àjọ̀dún yóò fi pé. Ìdí nìyẹn tí ẹja ibẹ̀ fi ń tóbi.

Ẹ jẹ́ kí àwọ̀n wa lójú ńlá, kí a sì dá ọmọ ẹja padà sómi.