Ọtí, Oògùn Oorun àti Bíréèkì Inú Ọpọlọ

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)

Ẹ ti mọ̀ wá mọ ọ̀rọ̀ owó oṣù àti owó àjẹmọ́nú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí la gbé wá lónìí. A kò wá wàásù pé kí ẹnikẹ́ni má mutí mọ́. A fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí àwọn nǹkan tí à ń gbé mì ń ṣe nínú orí wa, pàápàá tí a bá pa méjì tàbí mẹ́ta pọ̀.

Gbogbo awakọ̀ ló mọ ìwúlò bíréèkì. Ọpọlọ náà ní tirẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ń ránṣẹ́ sí ara wọn tọ̀sán-tòru: iṣẹ́ kan á ní "ṣe kíá", òmíràn á ní "rọra". Èròjà tó ń jẹ́ iṣẹ́ "rọra" ni àwọn onímọ̀ ń pè ní GABA. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kéde ní 1950 pé ó wà nínú ọpọlọ. Ara wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é.

Lára sẹ́ẹ̀lì, géètì kéékèèké wà tí òpó márùn-ún dúró yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká. Bí GABA bá bọ́ sí àyè tirẹ̀ lára òpó yìí, géètì á ṣí, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀ tí à ń fi sọbẹ̀ á wọlé, sẹ́ẹ̀lì náà á sì dákẹ́. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ọpọlọ, ọkàn á balẹ̀, iṣan á dẹ̀, oorun á dé.

Ìdí géètì yìí gan-an ni Valium ń lọ, ṣùgbọ́n kì í jókòó sí àyè GABA. Ó ní àga tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Bí GABA bá ti kanlẹ̀kùn, Valium á mú kí géètì máa ṣí lemọ́lemọ́ ju bó ti yẹ lọ. Bí GABA kò bá kanlẹ̀kùn, kò rí nǹkan kan ṣe. Ọdún 1963 ni Valium dé ọjà, ó sì di 1977 kí àwọn onímọ̀ ní Denmark àti ní Switzerland tó rí ibi tó ń jókòó sí. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni aráyé fi ń gbé e mì kí wọ́n tó mọ ibi tó ń gbà ṣiṣẹ́!

Phenobarbitone, tí wọ́n ń fún ẹni tó ní wárápá, àti àwọn oògùn oorun àtijọ́ tó jẹ́ ẹbí rẹ̀, le ju ìyẹn lọ. Bí géètì bá ti ṣí, wọ́n á dì í mú kó má tètè tì. Bí wọ́n bá sì pọ̀ jù lára, wọ́n lè ṣí i fúnra wọn láìdúró de GABA. Ìdí nìyí tí àwọn tó gbé e mì jù fi ń sùn láìjí, tí àwọn dókítà sì fi gbé Valium àti àwọn ẹbí rẹ̀ rọ́pò.

Ọtí ńkọ́? Ìbáà jẹ́ ẹmu, bíà, ogógóro tàbí paraga, ìdí géètì yìí náà ló ń lọ. Ó tún ń di iṣẹ́ "ṣe kíá" lọ́wọ́. Bí ẹni ń tẹ bíréèkì tó tún ń gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná mọ́tò ni.

Kodéènì àti tramadol ní ilẹ̀kùn mìíràn, èyí tí ara fi ń pa ìrora rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yìí wà ní ìdí ọpọlọ pẹ̀lú, níbi tí àṣẹ mímí ti ń jáde. Bí oògùn yìí bá pọ̀ níbẹ̀, àyà á gbàgbé láti mí. Bí ọtí àti Valium bá wá ń tẹ bíréèkì lápá kan, tí tramadol ń tẹ̀ ẹ́ lápá kejì, kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí ọkọ̀ á dúró sí. Ní 2016 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára àwọn ẹbí Valium àti ẹbí kodéènì, nítorí àwọn tó ń pa méjèèjì pọ̀. Ní 2018 ni ìjọba wa fi òfin de ṣíṣe omi ikọ́ oníkodéènì àti kíkó o wọlé. Ní ti tramadol, àádọ́ta àti ọgọ́rùn-ún mílígíráàmù ni NAFDAC fọwọ́ sí. Èyí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì tí wọ́n kọ 225 sí lára, ẹ bi ara yín léèrè ibi tó gbà wọlé. Tramadol tún lè mú kí gìrì gbé ènìyàn. Ẹ wo ẹni tí gìrì gbé lórí ìrìn Èkó sí Kano, tó kó èrò sẹ́yìn!

Ẹ jẹ́ ká wo awakọ̀ bẹ́ẹ̀ kan. Ẹ̀yìn ń ro ó, ó lo tramadol kan. Kò rí oorun sùn lọ́sàn-án, ó lo Valium kan. Àwọn ọ̀rẹ́ ra paraga kékeré fún un, kò fẹ́ dójú tì wọ́n. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó pọ̀. Pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ ní ara kan náà ni wàhálà.

Àwọn kan bi wá pé: obì ńkọ́, kọfí ńkọ́? Ohun tó wà nínú wọn ń dí èròjà mìíràn lọ́wọ́, èyí tó ń sọ fún ọpọlọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò gbé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kúrò lórí bíréèkì. Ojú á là, ọwọ́ á ṣì máa lọ́ra nídìí ẹ̀rọ tó ń gé irin. Ẹ sì rántí pé Valium tí ẹ lò lálẹ́ àná kò tíì jáde lára yín láàárọ̀ yìí. Ó lè lo ọjọ́ méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá fi iṣẹ́ òru lé tọ̀sán fún, yóò wá ohun tí yóò fi sùn, yóò sì wá ohun tí yóò fi jí. Kí wọ́n tún àkókò iṣẹ́ ṣe kí wọ́n tó máa yẹ àpò wa wò. Bí ọtí tàbí Valium bá sì ti mọ́ ẹnìkan lára fún oṣù mélòó kan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lé e lọ sílé pé kó jáwọ́ lójijì. Ọpọlọ rẹ̀ ti kọ́ láti máa tẹ iná gidigidi nítorí bíréèkì tó wà lórí rẹ̀. Bí bíréèkì bá kúrò lẹ́ẹ̀kan, ara á gbọ̀n, gìrì lè dé, ó sì lè kú. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. A ti fi èyí sínú ohun tí a fẹ́ bá wọn jíròrò: ìtọ́jú kí ó ṣáájú ìdáṣẹ́dúró.

Bí ẹ bá bá ẹnìkejì yín nílẹ̀ tó ń han-run lọ́nà tó ṣàjèjì, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tí ẹ pè é tí kò dáhùn, ẹ má ṣe ní kó sùn kí ọtí dá lójú rẹ̀. Ẹ má bu epo tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má bàa há a lọ́fun, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù kíá. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń lé tramadol àti kodéènì kúrò ní ilẹ̀kùn wọn, ṣùgbọ́n kò lè mú ọtí tàbí Valium. Nítorí náà dókítà ní láti mọ gbogbo ohun tó lò. Ẹ kó páálí àti ìgò tí ẹ bá bá lápò rẹ̀ dání.