Omi Inú Ẹ́ńjìnnì: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwa Awakọ̀ CMS

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa)

A kò pè yín fún ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ lónìí. Ọ̀rọ̀ omi ni a fẹ́ sọ, omi tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré wa, àti ìdérí kékeré kan tí kò tóbi ju ẹnu ife lọ.

Gbogbo wa mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa. Ọ̀sán gangan ni. Ó ń bọ̀ láti Ọbáléńdé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú un lójú ọ̀nà, abẹ́rẹ́ ìgbóná sì ń lọ sókè. Nígbà tí ó dé abẹ́ bíríìjì ní CMS, èrò ti dúró, kọ́ńdọ́ọ̀ sì ti ń pariwo. Ó ní kí òun tètè bu omi sí i kí òun máa lọ. Ó fi àkísà di ìdérí rédíétọ̀ mú, ó yí i. Kí ó tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, omi gbígbóná ti tú sí i lójú àti lápá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi wa ọkọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ọlọ́kọ̀ ti gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn. Àpò ara rẹ̀ àti owó tí a dá jọ níbí ni a fi tọ́jú rẹ̀.

Iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí a bá wá sọ nìyẹn: kí ó má ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkejì.

ẸŃJÌNNÌ TÍ KÒ MUMI ÀTI ÈYÍ TÍ Ń MUMI

Àwọn àgbà inú wa kọ́ṣẹ́ lórí dáńfó Volkswagen àtijọ́. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń mú un tutù. Kò ní rédíétọ̀, kò mu omi rárá. Ní nǹkan bí 1982 sí 1983 ni Volkswagen fi ẹ́ńjìnnì olómi rọ́pò onífẹ́ẹ́fẹ́ nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì. Ní Brazil, ó di òpin 2005. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lórí ọkọ̀ yẹn kò ní ìdí láti wo omi láàárọ̀. Ó kọ́ ọmọṣẹ́, ọmọṣẹ́ náà kọ́ tirẹ̀. Báyìí ni a ṣe jogún àṣà kí a kàn jí, kí a yí kọ́kọ́rọ́, kí a máa lọ.

Ṣùgbọ́n kórópè tí à ń wà lónìí, omi ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n kó wá láti Jàpáánù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 660 cc lọ, sílíńdà mẹ́ta. Ìwọ̀n tí òfin wọn fi sí ọkọ̀ kékeré láti 1990 nìyẹn, ènìyàn mẹ́rin péré ni òfin kan náà sì gbà kí ó gbé. Kí olúkúlùkù wa ka iye èrò tí ó ń kó sínú tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí ó ń gbé ẹrù ìlọ́po méjì, nínú oòrùn Èkó, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí afẹ́fẹ́ kò ti wọ rédíétọ̀, kò lè ṣe kí ó má gbóná. Abẹ́ àga awakọ̀ ni wọ́n sì gbé e sí. A ń jókòó lé iná lórí ni.

Iná tí ó ń jó nínú sílíńdà ju 2,000 ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì lọ. Álúmínọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ṣe orí ẹ́ńjìnnì ń yọ́ kí ó tó kọjá 660. Ohun tí kò jẹ́ kí ó yọ́ ni omi tí ń yí ká, tí ó ń gba ìgbóná lọ sí rédíétọ̀. Bí omi bá dín, tàbí tí kò yí mọ́, orí ẹ́ńjìnnì á wọ́, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì á jó. Ẹ ó rí èéfín funfun lẹ́yìn ọkọ̀, ọ́ìlì á funfun bí omi ẹ̀kọ, owó ńlá á sì lọ.

ÌDÍ TÍ ÌDÉRÍ FI Ń PANI LÁRA

Omi inú ìkòkò ń hó ní 100. Ẹ wo ara ìdérí rédíétọ̀ yín, ẹ ó rí 0.9 tàbí 1.1 níbẹ̀. Ìwọ̀n agbára tí ìdérí náà fi tẹ omi mọ́lẹ̀ ni. Nítorí títẹ̀ yìí, omi inú rédíétọ̀ lè gbóná dé nǹkan bí 118 sí 122 kí ó tó hó. Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́ tí ẹ ń ṣọ́ bọ́ílà mọ ohun tí à ń wí. Ní ìṣẹ́jú tí a bá ṣí ìdérí, títẹ̀ náà tán. Omi tí ó ti kọjá 100 hó lẹ́ẹ̀kan náà, ó di ooru, ó fò jáde. Àkísà kò lè dá a dúró. Kò sí ọgbọ́n ọwọ́ tí ó lè yára jù ú lọ.

Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná. Bí abẹ́rẹ́ bá lọ sókè:

Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí èrò sọ̀kalẹ̀ ní ìhà tí mọ́tò kò ti ń kọjá. Bí ẹ bá wà lórí bíríìjì tí kò sí àyè, tí ọkọ̀ yín ṣì ní hítà, ẹ ṣí hítà pátápátá títí ẹ ó fi rí ibi yà sí; yóò fa díẹ̀ nínú ìgbóná náà kúrò.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ti ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ fáànù, nítorí fáànù oníná lè yí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ kọ́kọ́rọ́.

Ẹ dúró, ó kéré tán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀sì òkè. Àfi ìgbà tí ọwọ́ bá lè sinmi lé e láìjóni ni kí ẹ tó fi aṣọ nínípọn yí ìdérí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ gbé ojú sẹ́yìn.

Ẹ má da omi tútù lé ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Àwo gbígbóná tí a da omi tútù sí ń là. Orí ẹ́ńjìnnì náà ń là bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Bí ó bá ti wá jó ènìyàn ńkọ́? Omi ẹ̀rọ tútù ni kí ẹ máa dà sí ojú iná náà fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe yìnyín, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe ẹyin. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ gbé e lọ sí Jẹ́nẹ́rà ní Broad Street. Kò jìnnà sí wa.

IRÚ OMI TÍ Ó YẸ

A máa ń wí pé omi kò lọ́tàá. Ṣùgbọ́n omi kan wà tí ó jẹ́ ọ̀tá ẹ́ńjìnnì. Omi kànga etí ọ̀sà, irú èyí tí a ń fà ní apá Ìsàlẹ̀ Èkó, máa ń ní iyọ̀. Iyọ̀ ń jẹ álúmínọ́ọ̀mù, ó ń di ihò rédíétọ̀. Piọ wọ́tà inú ọ̀rá tí kọ́ńdọ́ọ̀ ń rà lójú títì dára ju omi iyọ̀ lọ, ó sì lè gbé wa dé ilé, ṣùgbọ́n kò lè dènà ìpatà.

Coolant ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Àwọn kan ní ti ilẹ̀ òtútù ni, pé Èkó kò ní yìnyín. Òótọ́ ni pé Èkó kò ní yìnyín. Ṣùgbọ́n coolant ń dènà ìpatà, ó ń fi òróró sí wọ́tà pọ́ǹpù, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kí ó tó hó. Bí ó bá jẹ́ ògidì ni ẹ rà, ẹ fi omi mímọ́ lù ú ní ìdajì sí ìdajì. Oró ni ó, ó sì dùn lẹ́nu. Ẹ má ṣe gbé e sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò níbi tí ọmọdé wà.

Ọ̀rọ̀ thermostat náà wà níbẹ̀. Mẹkáníìkì yóò yọ ọ́ dànù, yóò ní ìlú wa gbóná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ti omi mọ́ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dé nǹkan bí 82 sí 88, kí ó tó ṣí. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì yóò pẹ́ kí ó tó gbóná tó bí ó ti yẹ, epo tí ó ń jẹ yóò pọ̀ sí i, inú rẹ̀ yóò sì tètè jẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n má yọ ọ́.

ÌṢẸ́JÚ MÁRÙN-ÚN ÀÁRỌ̀

Kí a tó yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì tutù, lórí ilẹ̀ títẹ́jú:

1. Ẹ wo omi inú rédíétọ̀ àti ike rẹ̀. Bí ó bá ń dín lójoojúmọ́, ó ń jò níbì kan ni. Ẹ wá ibẹ̀. Ẹ má kàn máa bù sí i.

2. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì. Kí ó wà láàárín àmì méjèèjì. Àwa kì í jẹ́ kí ọ́ìlì kọjá 5,000 kìlómítà.

3. Ẹ tẹ họ́ọ̀sì àti bẹ́líìtì. Èyí tí ó bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó já lórí Third Mainland Bridge.

4. Ẹ wo ojú rédíétọ̀, kí ọ̀rá àti ìdọ̀tí má dí i.

5. Ẹ gbọ́ òórùn. Òórùn epo pẹtiróòlù tí ẹ ń gbọ́ yẹn, epo fúnra rẹ̀ ni, tí ó ti di afẹ́fẹ́. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó ń wọ́ lọ, títí yóò fi bá iná pàdé. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó rọ epo, ẹ má sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo sábẹ́ àga èrò. Bí ó bá jẹ́ èéfín sàlẹ́ńsà ni ó ń wọnú ọkọ̀, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ náà: afẹ́fẹ́ olóró wà nínú rẹ̀ tí kò ní òórùn, ó sì ń pani lójú oorun.

TA NI YÓÒ SANWÓ RẸ̀?

Ẹ̀yin ará, a mọ̀ pé ẹ ó bi wá pé: bí a bá dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ta ni yóò fún ọlọ́kọ̀ ní owó rẹ̀ lálẹ́? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Awakọ̀ tí ó ṣí ìdérí gbígbóná kì í ṣe òmùgọ̀. Owó alẹ́ ni ó ń lé e.

Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2010 fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti ẹ̀san, agbanisíṣẹ́ ni ó sì ń san owó náà, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń san tiyín. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ láìsí ìwé, báwo ni yóò ṣe fi hàn pé òun ní agbanisíṣẹ́?

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹnikẹ́ni má gba kọ́kọ́rọ́ mọ́ láìkọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́kọ̀, kí akọ̀wé ẹ̀ka sì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Èkíní, owó coolant, ìdérí, họ́ọ̀sì àti bẹ́líìtì, ti ọlọ́kọ̀ ni. Èkejì, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gbóná tí awakọ̀ dúró, a ó yọ owó ìrìn tí kò rìn kúrò nínú owó alẹ́. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ọkọ̀ bá jó lẹ́nu iṣẹ́, ọlọ́kọ̀ yóò tọ́jú rẹ̀, yóò sì padà bá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ọlọ́kọ̀ tí ó bá gbọ́n yóò fọwọ́ sí i, nítorí ike coolant kan kò tó owó tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì. Èyí tí kò bá fọwọ́ sí i, ẹ mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá sí ìpàdé. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá kọ̀, wọn yóò gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn. Bí gbogbo wa lábẹ́ bíríìjì bá kọ̀, kò sí ẹlòmíràn tí wọn yóò gbé e fún.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.