Ẹja Inú Ọpọ́n àti Ìṣirò Ọmọdé



Ní ìlú Kumasi ní ilẹ̀ Ghana, àdúgbò kan wà tí à ń pè ní Fante New Town. Orúkọ àwọn Fante ni àdúgbò náà ń jẹ́, àwọn tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ẹja pípa ní etí òkun. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó wà láàárín Kumasi àti òkun ju 150 kìlómítà lọ. Ọmọ tí a bí síbẹ̀ lè má fojú kan ìgbì rí. Ẹja yíyan tí a tò sínú ọpọ́n fún títà ni ó mọ̀. Ǹjẹ́ olùkọ́ lè fi ẹja inú ọpọ́n náà kọ́ ọ ní ìṣirò?

Ó lè ṣe é, ó sì yẹ kí ó ṣe é. Ẹ wo bí àwọn apẹja ṣe ń pín èrè ní ọ̀pọ̀ ibi ní etíkun Ghana. Wọn a kọ́kọ́ yọ owó epo àti ìnáwó mìíràn. Lẹ́yìn náà ni wọn a pín ìyókù sí méjì, ìdajì fún ẹni tí ó ni ọkọ̀ àti àwọ̀n, ìdajì fún àwọn tí ó lọ sójú omi. Bí ẹja bá jẹ́ agbọ̀n 24, tí ìnáwó sì gba 4, yóò ku 20. Ọlọ́kọ̀ yóò mú 10. Bí atukọ̀ bá jẹ́ 5, agbọ̀n 2 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ń ṣú nígbà tí a kọ iye wọ̀nyí sára pátákó yóò tètè lóye wọn báyìí, nítorí kò sí ọmọ tí kì í mọ̀ bí a bá rẹ́ ẹ jẹ nídìí ẹja.

Bákan náà, ní ọ̀pọ̀ ìlú Fante, apẹja kì í lọ sójú òkun ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ mélòó ni yóò fi ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 4? Ọmọ tí ó bá dáhùn pé 24 ti ń mọ ìsọdipúpọ̀.

Ní ọdún 1993, Terezinha Nunes, Analúcia Schliemann àti David Carraher tẹ ìwé kan jáde nípa irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Brazil. Wọ́n rí i pé àwọn apẹja tí kò kàwé púpọ̀ lè fi orí ara wọn ṣírò iye owó ẹja, wọ́n sì lè yí ìṣirò náà padà sẹ́yìn. Ìmọ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn kí ìwé tó dé.

Àwa Yorùbá náà kò ṣófo. Ọmọ tí ó ka ẹja ẹẹ́rìndínlógún ti yọ 4 kúrò nínú 20 láti ẹnu.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò ní kí a mú ọmọ kúrò ní ilé-ìwé lọ fa àwọ̀n. Iṣẹ́ ẹja ti gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní adágún Volta. Ẹja ni kí ó wá sí kíláàsì. Olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ jókòó tì í títí: bí òye bá ti yé ọmọ, kí a gbé ẹja kúrò, kí iye nìkan ṣẹ́kù sára pátákó.

Àwọn àgbà ní ẹja gbígbẹ kò ṣeé ká. Ìgbà tí ọmọ ṣì tutù ni kí a ti mú ìṣirò wọ̀ ọ́ lára.