Kí Ẹ Tó Ra Wáípà Mọ́tò Àlòkù, Ẹ Ka Nọ́ńbà Tó Wà Lára Rẹ̀

Mi ò ní sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn lónìí. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, torí owó mi ti bá a lọ, díẹ̀ ló sì kù kí ẹ̀mí mi náà bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la nǹkan kan yé yín. Àwọn òbí wa máa ń pe ọkọ̀ ní mọ́tò. Tí mo bá ní "wáípà mọ́tò," ẹ̀rọ kékeré tó ń yí apá wáípà ni mò ń wí.

Mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́, lórí M60 níbí ní Manchester, òjò ń rọ̀ kíkankíkan. Ṣàdédé ni wáípà dúró sí àárín gíláàsì. Tírélà kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó da omi bo gbogbo iwájú ọkọ̀, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Ọlọ́run ló yọ mí. Nígbà tí mo yà kúrò lọ́nà tí mo dúró, gbogbo ara mi ló ń gbọ̀n.

Yaris 2011 ni mò ń wà. Bí mo ṣe délé, mo wá "wáípà mọ́tò Yaris 2011" lórí fóònù, mo rí àlòkù kan tí kò wọ́n, mo sanwó. Nígbà tó dé, bọ̀dá mẹkáníìkì tó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe wò ó títí, ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ti ọkọ̀ yín kọ́ lèyí." Àṣé ọdún 2011 gan-an ni Toyota pààrọ̀ Yaris níbí. Apá wáípà méjì ló wà níwájú ti àtijọ́, ẹyọ kan ló wà níwájú ti tuntun. Orúkọ bára mu, ọdún bára mu, ẹ̀rọ kò bára mu.

Ojú tì mí, ẹ má purọ́ fún ara yín, ẹ̀yin náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù wa, kí a tó fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára, a kì í sọ pé "ó jọ ẹni yẹn." A ó bi í lórúkọ àti ọjọ́ ìbí, a ó ka nọ́ńbà ọwọ́ rẹ̀, a ó fi wé ti ara àpò ẹ̀jẹ̀. Èmi tí mò ń ṣe èyí lójoojúmọ́ wá lọ ra ẹ̀rọ lórí "ó jọ ọ́."

Torí náà, ẹ tú ti àtijọ́ kí ẹ tó ra òmíràn. Ẹ ó rí nọ́ńbà lára rẹ̀. Tí Toyota bá ni, 85110 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ti iwájú, 85130 ti ẹ̀yìn; àmì márùn-ún tó tẹ̀lé e ló ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò nọ́ńbà ti ọwọ́ rẹ̀ gan-an ránṣẹ́. Tí ẹyọ lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹ má tíì sanwó. Ẹ mú nọ́ńbà ọkọ̀ yín, oní 17 yẹn tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, lọ bá àwọn tó ń ta ọkọ̀ irú rẹ̀, wọn á yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tún wo sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà: ṣé iye irin tó wà nínú rẹ̀ dọ́gba?

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á ránṣẹ́ sílé, ẹ fetí sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí ọkọ̀ wà níbí. Nàìjíríà ti ń gba apá ọ̀tún títì láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, ọwọ́ òsì ni ìdarí tiwọn. Irin tó so mọ́tò pọ̀ mọ́ apá wáípà sábà máa ń kọjú sí òdìkejì. Bọ̀dá mi ní Èkó bẹ̀ mí kí n fi ọ̀kan ránṣẹ́. Mo ní kí wọ́n lọ wò ó ní Ládípọ̀ ná.

Ẹ rí i dájú pé mọ́tò ló kú o. Tí kò bá dún rárá, ẹ yẹ fíúsì wò. Tí ẹ bá ń gbọ́ ìró rẹ̀ tí apá kò sì yí, ó lè jẹ́ irin yẹn ló yọ tàbí nọ́ọ̀tì ló tú.

Tó bá jẹ́ oníṣòwò lẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó bá dé láti sọ pé ẹ kò fẹ́ ẹ mọ́. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń ta ẹrù ilé rẹ̀, kò sí ìyẹn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀, owó mi sì wọgbó.

Tí wọ́n bá ń de tuntun, kí wọ́n so wáyà rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó yí, kí wọ́n pa á kó dúró síbi tó ti máa ń sinmi, kí wọ́n tó fi apá sí i. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wáípà á máa dúró síbi tí kò yẹ.

Èyí tí mo rà lẹ́ẹ̀kejì, mo ka nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó sanwó. Òun ni màá fi lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́ yìí, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó dàbọ̀ o.