Ká Lọ Wo Ayétòrò, Ká sì Bọ̀ Lọ́jọ́ Kan

(Ọ̀rọ̀ tí alága ìgbìmọ̀ ìrìnàjò sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́)

 

Níjọ́ tá a dábàá pé ká lọ najú létíkun, Èkó ni ọ̀pọ̀ yín dárúkọ. Èkó dára, àmọ́ ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́. Wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà la fi ń débẹ̀ láti Àkúrẹ́, ká má tíì sọ ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Tá a bá ní ká lọ ká bọ̀ lọ́jọ́ kan, inú bọ́ọ̀sì lọjọ́ máa ṣú wa sí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa náà ní etíkun. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi mú Ayétòrò, nílẹ̀ Ìlàjẹ.

Ìlú tó nítàn ni. Ní 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí tẹ̀ ẹ́ dó, Zaccheus Okenla ló ṣáájú wọn. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àpò kan náà ni owó ń wọ̀, látinú rẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ ara wọn, tí wọ́n ń kọ́lé, tí wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi. Happy City làwọn èèyàn ń pè é. Ìgbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ ni ètò àjọní yẹn yí padà. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè làwa náà ń ṣe. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí o. Ìyá kan wà tí mo ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn nínú Ọjà Ọba yìí, ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n. Mo ní, "Màmá, a fẹ́ lọ najú ní Ayétòrò." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ilé tí wọ́n bí mi sí ti wà nínú òkun báyìí. Ẹ máa bọ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ má wá fi òfò wa yàwòrán kẹ́ ẹ sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ bá wa jẹun, ẹ bá wa ra ẹja, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó yà wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni, òkun ti gbé ilé, ilé ìwé àti ilé ìjọsìn lọ níbẹ̀, ó sì tún ń bọ̀. Ẹni tó bá ń retí yanrìn funfun, kó mọ̀ pé etíkun ẹlẹ́rẹ̀ ni ti apá ibẹ̀, ó sì rọrùn fún omi láti jẹ ẹ́. Nítorí náà, ìbẹ̀wò la ń lọ ṣe, kì í ṣe ìran la ń lọ wò.

Ètò tá a ṣe rèé. Sátidé kan nínú oṣù kejì, nígbà tí kùrukùru ọyẹ́ ti dínkù, tí òjò ò sì tíì dé. Aago márùn-ún ìdájí la máa gbéra níwájú Ọjà Ọba. A máa gba Oǹdó, Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa dé Igbókọ̀dá, ó pẹ́ tán, aago mẹ́jọ àbọ̀. Aago mẹ́sàn-án la máa wọ ọkọ̀ ojú omi; a fi wákàtí kan àbọ̀ sílẹ̀ fún un. Tó bá di aago kan ọ̀sán, gbogbo wa ti padà sínú ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré lọ́jà Igbókọ̀dá, ká lè wọ Àkúrẹ́ kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin náà mọ bí ojú ọ̀nà ṣe rí lálẹ́.

Ibi tí mi ò ti ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ni ti life jacket. Mo ti wọ ọkọ̀ rí láìní, lórí omi kan tí mi ò ní dárúkọ. Ìgbì dé, ọkọ̀ yí sọ́tùn-ún yí sósì, mo di igi mú, mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Látọjọ́ náà ni mo ti búra. Ọkọ̀ tí kò bá ní life jacket fún ẹni kọ̀ọ̀kan, àtọmọdé, a ò ní wọ̀ ọ́. Bí ọkọ̀ bá sì kún, ká dúró de òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé agbára Ọlọ́run ni.

Ti owó: a ò tíì dá iye kan, torí owó epo ló ń sọ iye tí ọlọ́kọ̀ máa gbà. Tá a bá dá a, akápò nìkan lẹ máa san án fún, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹnikẹ́ni tó bá fi nọ́ńbà báńkì mìíràn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ má dá a lóhùn. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tún mú owó díẹ̀ lọ́wọ́ fún ẹja, káwọn tó gbà wá lálejò lè rí èrè wa.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kẹ́ ẹ tó dìde níbí. Ire la ó bá lọ, ire la ó bá bọ̀.