Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ìgbẹ́ Kì Í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí Nígbà Gbogbo



Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde pẹ̀lú ìgbẹ́ nílẹ̀ wa, jẹ̀díjẹ̀dí la ó kọ́kọ́ pè é. Wọn á ní ṣúgà lo jẹ jù. Alágbo á bu agbo sínú ike. Ẹ̀jẹ̀ á dá díẹ̀, á tún padà. Nígbà tí aláìsàn yóò bá fi dé ọsibítù, ikùn ti wú, ìgbẹ́ ò ṣeé yà mọ́, ara ti gbẹ. Àwọn kan wà nínú irú wọn tó jẹ́ pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá ló ti ń bá wọn jà látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo bá wá síbí ni pé jẹjẹrẹ ìfun tiwa yàtọ̀ sí ti òyìnbó, ìyàtọ̀ náà sì wúlò fún wa bí a bá mọ̀ ọ́n.

Ìlú Ẹdẹ níhìn-ín kò ṣàjèjì sí ìlù; ta ni kò mọ ọba rẹ̀, Tìmì Adétòyèṣe Láoyè, tó wàjà ní 1975, mọ́ dùndún? Ẹ jẹ́ kí n fi ìlù ṣàlàyé. Jíìnì tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ìfun ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ojú. Ìlù kan náà ló kún ilé méjèèjì. Èyí tí wọ́n ń lù àti èyí tí wọ́n fi kọ́ ògiri ló yàtọ̀. Àwọn jíìnì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa tún àṣìkọ inú jíìnì ṣe nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín. Bí wọ́n bá bàjẹ́, tàbí tí wọn ò bàjẹ́ ṣùgbọ́n tí a ò lù wọ́n mọ́, àṣìṣe á máa gorí àṣìṣe, jẹjẹrẹ á sì rí àyè.

Ní 2013, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Alátiṣe ní Ilé-Ifẹ̀ àti Dókítà Peter Kingham ti ọsibítù Memorial Sloan Kettering ní New York dá ẹgbẹ́ oníwádìí jẹjẹrẹ ARGO sílẹ̀. Ní 2021, àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbájáde kan jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn jẹjẹrẹ ìfun ní Nàìjíríà, nǹkan bí 28 ni àmì àṣìkọ tí kò rí àtúnṣe wà lára jẹjẹrẹ wọn. Ní Memorial Sloan Kettering, kò pé 9. Ọjọ́ orí àwọn aláìsàn wa kéré sí tiwọn, nǹkan bí ìdajì àwọn tiwa ló sì jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ìfun, nítòsí ihò ìdí, ni jẹjẹrẹ wọn wà.

Kí la ó fi èyí ṣe? Jẹjẹrẹ tó wà nísàlẹ̀, ìka dókítà tó wọ ìbọ̀wọ́ lè kàn án lọ́pọ̀ ìgbà. Àyẹ̀wò náà kì í pẹ́. Ìtìjú ló ń dá wa dúró. Ní ti àwọn tí àṣìkọ pọ̀ lára jẹjẹrẹ wọn, oògùn kan wà, pembrolizumab, tó ń jẹ́ kí ọmọ ogun ara dojú kọ jẹjẹrẹ. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún irú wọn ní 2017. Oògùn ọ̀wọ́n ni, ṣùgbọ́n láìṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ náà fún àmì yìí, dókítà ò lè mọ ẹni tó tọ́ sí.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé àyànmọ́ ni, pé ẹ̀jẹ̀ wa ló rí bẹ́ẹ̀. Ní 2015, àwọn onímọ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n fún àwọn ará abúlé South Africa ní oúnjẹ Amẹ́ríkà ọlọ́ràá, tí wọ́n sì fún àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àmì ewu jẹjẹrẹ lára awọ inú ìfun lọ sílẹ̀ lára àwọn ará Amẹ́ríkà, ó sì gòkè lára àwọn ará abúlé. Ẹ̀jẹ̀ wọn ò yí padà. Oúnjẹ ló yí padà.

Ohun méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́, ilé ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ níhìn-ín ló ka jíìnì kòrónà ní oṣù kẹta 2020, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Ọwọ́ tó mọ jíìnì kà ti wà nílùú. Kí ìjọba àti àwọn olówó wa náwó sí kíka ti jẹjẹrẹ náà nílé. Èkejì, ẹ̀yin alágbo, ẹ jọ̀ọ́: bí oníbàárà bá padà wá lẹ́ẹ̀kejì nítorí ẹ̀jẹ̀ kan náà, ẹ má tún bu agbo fún un, ẹ ní kó lọ rí dókítà.