Òjò Ni Yóò Dán Sólà Tuntun Wò

Nígbà tí mò ń wọ gbọ̀ngàn yìí, iná ọba ti lọ. Àwọn pánẹ́ẹ̀lì tó wà lórí òrùlé ló ń gbé ohùn mi jáde báyìí. Nítorí náà, mi ò wá ṣèpolówó sólà fún yín, ẹ ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Sílíkọ́nì ni wọ́n fi ṣe èyí tó wà lókè yìí. Inú iyanrìn ni wọ́n ti ń yọ ọ́, àmọ́ kí iyanrìn tó di pánẹ́ẹ̀lì, ojú rẹ̀ á rí màbo. Iná ìléru tó ń yọ́ sílíkọ́nì lé ní 1,400 lórí ìwọ̀n Celsius. Omi tó ń hó lórí ààrò yín, 100 péré ni. Ní 1954 ni àwọn onímọ̀ Bell Labs ní Amẹ́ríkà fi irú rẹ̀ han aráyé. Bí oòrùn bá da agbára ọgọ́rùn-ún lé e lórí, bíi mẹ́fà ló ń sọ di iná. Èyí tí ẹ ń rà lọ́jà lónìí ti kọjá ogún. Ṣùgbọ́n bí a gbọ́n bí a gọ̀, sílíkọ́nì nìkan kò lè ju bíi 29 lọ.

Ohun tuntun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ ni perovskite. Òkúta kan tí wọ́n rí lórí òkè Ural ní Rọ́ṣíà ní 1839 ló ni orúkọ náà, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Perovski ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Tiwa yìí kì í ṣe òkúta yẹn. Bí àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ṣe tò ló jọra, ló fi ń jẹ́ orúkọ olórúkọ. Ẹ ó po iyọ̀ òjé mọ́ iyọ̀ mìíràn nínú kẹ́míkà olómi, ẹ ó kán an sórí gíláàsì, ẹ ó jẹ́ kí gíláàsì náà yí bí òkòtó títí ohun tí ẹ kán sí i yóò fi tẹ́ bẹẹrẹ, ẹ ó wá yan án ní nǹkan bíi 100. Ó parí. Bí ẹ bá to ọgọ́rùn-ún rẹ̀ léra, ó lè má nípọn ju irun orí kan lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Akihiro Kojima lorúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Tsutomu Miyasaka ní Yokohama, ní Jàpáánù. Ní 2009 wọ́n tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde: 3.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Omi tí wọ́n fi ń gbé iná kiri nínú rẹ̀ sì ń jẹ perovskite náà run; láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti kú. Ìwọ̀nba èèyàn ló kà á sí.

Ní 2012, ikọ̀ Nam-Gyu Park ní Gúúsù Kòríà àti ikọ̀ Henry Snaith ní Oxford yọ omi náà kúrò, wọ́n fi ohun líle rọ́pò rẹ̀. Ti Oxford dé 10.9. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, torí ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn ará Oxford tún mú ohun mìíràn kúrò, èyí tó yẹ kó máa gbé iná jáde, wọ́n fi alumina sípò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ alumina kì í jẹ́ kí iná kọjá lára rẹ̀. Ó yẹ kó bàjẹ́. Ńṣe ló tún sunwọ̀n sí i! Ìgbà yẹn ló yé wọn pé perovskite tó ń mú ìtànṣán oòrùn, òun náà ló ń gbé iná lọ: ọmọ alágbẹ̀dẹ tí a rò pé ó kàn ń fínná, òun náà ló ń rọkọ́.

Láti ìgbà náà ni iye ti ń ga. Wọ́n ti ń gbé e lé sílíkọ́nì lórí, kí méjèèjì jọ pín oòrùn jẹ. Ilé-iṣẹ́ LONGi ní Ṣáínà dé 34.6 ní 2024. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Iṣẹ́ tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ti ikọ̀ Wole Soboyejo, ẹni tó ti ṣe ààrẹ African University of Science and Technology ní Àbújá rí. Worcester Polytechnic Institute ní Massachusetts ni wọ́n ti tẹ àbọ̀ náà jáde ní 2020, orúkọ Yorùbá kò sì wọ́n lára àwọn tó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ eruku ni wọ́n gbé yẹ̀ wò. Eruku tó há sáàárín ìpele kan sí èkejì nínú sólà perovskite kì í jẹ́ kí wọ́n fara kanra, àlàfo á sì wà yí i ká. Wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, bí àwọn aláṣegàrí ṣe ń fi jáàkì tẹ ẹ̀gẹ́ inú àpò. Nígbà tí agbára tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ tó nǹkan bí 70 kílò lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, iye tó ń sọ di iná kúrò ní bíi 9.8, ó di bíi 13.7. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, eruku rì wọnú rẹ̀, ó sì bà á jẹ́. Ní ilẹ̀ tí ọyẹ́ ti ń da eruku wọ yàrá ìwádìí láti Oṣù Kejìlá, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá perovskite gan-an ni omi. Mo gbé ẹyọ kan sẹ́bàá fèrèsé mi nínú Oṣù Keje, láìdì í. Dúdú ni mo gbé e síbẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti pọ́n bí èso ìyeyè. Àwọ̀ yẹn, iyọ̀ òjé ni. Ẹ má jẹ́ kí n dẹ́rù bà yín ju bó ti yẹ lọ: òjé inú rẹ̀ kò tó gíráàmù kan lórí mítà kan níbùú lóròó, nígbà tí bátìrì mọ́tò kan ní kílò mélòó kan. Síbẹ̀, a kò gbàgbé àwọn ọmọdé tí eruku òjé pa ní Zamfara ní 2010.

Ìdánwò tí ayé ń lò ni ooru 85, ọ̀rinrin 85 nínú ọgọ́rùn-ún, fún wákàtí 1,000. Ìyẹn kò tó ọjọ́ méjìlélógójì, nínú àpótí. Àwọn tó ń ta sílíkọ́nì ń ṣèlérí ọdún 25. Mo gbà pé àpótí ń ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ òjò tó ń rọ̀ lóru tí oòrùn sì ń ta sí i láàárọ̀, kò sì mọ ewédò tó ń hù lórí òrùlé. Àwa la mọ̀ ọ́n. Ìdánwò òjò àti oòrùn yẹn tọ́ sí wa, a kò sì gbọdọ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni ta ọjà fún wa tán ká tó ṣe é.

Ẹ̀yin aláṣẹ yunifásítì tó jókòó níwájú, ẹ̀bẹ̀ mi kò wọ́n. Ẹ fún wa ní igun òrùlé kan, ìwé àkọsílẹ̀ kan, àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí yóò máa gun òkè lọ kọ iye iná tí perovskite ibẹ̀ ń mú wá láràárọ̀ fún ọdún méjì. Oṣù Kẹta ni òjò àkọ́rọ̀ máa ń dé. Igun ọwọ́ òsì òrùlé yìí ṣì ṣófo.